Ta ló ti lo aago ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n tí fóònù bá ń dún? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀

Tíṣà Mọ́lété

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ó gùn díẹ̀ o. Tíṣà ni mí níléèwé girama kan ní Mọ́lété níbí, wọn ò fẹ́ kí tíṣà máa di fóònù mú ní kíláàsì, mi ò sì bá wọn jiyàn sí i torí àwọn ọmọ yẹn, ohun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ wa làwọn náà máa ṣe. Sítáàfù rúùmù ni fóònù mi máa ń wà, nínú báàgì, màá ti pa ohùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọmọ tó ń bá mi dúró tì wọ́n nílé ló máa ń pè mí tí ara wọn ò bá yá, tí n bá sì wà ní kíláàsì mi ò lè gbọ́, ìgbà tí mo bá padà ni màá wá rí mísídì kọ́ọ̀lù rẹpẹtẹ, àyà mi á sì já.

Lọ́jọ́ Sátidé mo yà sí ọjà fóònù ní Queen Cinema lọ ra ṣáàjà, mo wá rí aago kan lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tajà ńbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé aago lásán ni, ọwọ́ mẹ́ta ló ní, ojú ẹ̀ funfun, nọ́mbà ẹ̀ hàn kedere, kò ní sìkírìnì rárá. Ọmọ yẹn wá ní ó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, pé tí wọ́n bá ń pe èèyàn ó máa gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń wo bí èèyàn ṣe sùn, tí fóònù bá sì sọnù sáàárín ilé, kí n kàn tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ fóònù á dún. Bátìrì róbótó pẹlẹbẹ bíi ti rìmóòtù mọ́tò ló ń lò, wọn kì í ṣáàjì ẹ̀. ₦27,000 ló pè é jálẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní smartwatch tó ní sìkírìnì, ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń wá ibi tó máa ti ṣáàjì ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí. Èmi ò fẹ́ nǹkan mìíràn tí n ó tún máa wá iná fún.

Ẹni tó bá ti lò ó rí nínú yín, ṣé ó ń gbọ̀n tó èyí tí èèyàn á fi mọ̀? Bátìrì ẹ̀ ńkọ́, ta ló ń bá èèyàn pààrọ̀ ẹ̀ n'Íbàdàn? Ṣé òótọ́ ni iye ìṣísẹ̀ tó ń kà, torí mo fẹ́ kí màmá náà máa fi rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Ẹ ṣeun o.


Alábẹ́rẹ́ Mọ́kọ́lá

Àǹtí tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà tó péye. Irú aago yẹn ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lò ó, ohun tí mo rí lára ẹ̀ ni màá sọ.

Téélọ̀ ni mí. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi máṣíìnì mẹ́rin ló máa ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn wíńdò, tí fóònù bá ń dún lórí tábìlì ìgéṣọ tí aṣọ sì bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Kọ́sítọ́mà á pè, á tún pè, á wá fi ìbínú wọ mícrà wá bá mi pé mò ń sá fún òun. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn, kì í ṣe torí ìṣísẹ̀, kì í ṣe torí oorun.

Ó ń gbọ̀n o, àmọ́ gbígbọ̀n ẹ̀ ò le. Tí mo bá tẹ máṣíìnì, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ń sáré, gbogbo ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n láti orí tábìlì yẹn wá, tí bẹ́líìtì aago bá wá dẹ̀, mi ò lè mọ èwo ni ti máṣíìnì èwo ni ti ìpè. Mo fún bẹ́líìtì ẹ̀ wọlé ní ihò kan, kí ẹ̀yìn aago lẹ̀ mọ́ ara dáadáa, mo sì gbé e wá sí ọwọ́ òsì torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń ti aṣọ jù, láti ìgbà náà mo ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kàn dúró nídìí pátákó, kò ní fún yín ní wàhálà kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó yẹ kí n tètè sọ kẹ́ ẹ tó náwó. Bluetooth ló ń mú aago yẹn bá fóònù sọ̀rọ̀, Bluetooth irú èyí kì í ju nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ, tí ògiri bá sì wà láàárín ó tún máa dín kù. Tí fóònù bá wà ní sítáàfù rúùmù tẹ́ ẹ sì wà ní kíláàsì tó wà lódìkejì, aago yẹn ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pè. Fóònù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé yín wọ kíláàsì, kódà kó wà nínú báàgì tẹ́ ẹ ti zip pa, kẹ́ ẹ pa ohùn ẹ̀, aago ò nílò kí fóònù dún rárá kó tó gbọ̀n. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́, ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ màmá fún wọn. Tí wọn ò bá gbà, owó yẹn á ṣòfò ni.

Ìkejì, fóònù yín gan-an. Mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bú aago yìí pé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan kì í gbọ̀n mọ́, tí mo bá gba fóònù wọn wò, fóònù ló pa app aago yẹn. Àwọn fóònù tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n fẹ́ kí bátìrì wọn pẹ́, app tẹ́ ò bá ti ṣí fún ìgbà díẹ̀ wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́ wọ́n á tì í pa, nígbà tí app bá sì ti kú, kò sẹ́ni tó máa sọ fún aago pé ìpè ń wọlé. Ẹ wọ sẹ́tíńgì bátìrì, ẹ wá orúkọ app náà, ẹ ní kí fóònù má fọwọ́ kàn án, tí fóònù yín bá ní autostart ẹ tàn án fún un, ẹ gbà á láàyè kó máa rí notification àti ìpè. Tó bá jẹ́ Android 12 sókè, ó máa béèrè Nearby devices, ẹ gbà fún un. Tí Android bá ti kéré sí ìyẹn, location ló máa béèrè, ẹ má jẹ́ kó ya yín lẹ́nu, bí Android àtijọ́ ṣe ń wá Bluetooth nìyẹn, tẹ́ ò bá tàn án kò ní rí aago.

Ẹ pa WhatsApp kúrò ńbẹ̀ o! Gbúrúù ẹbí, gbúrúù ṣọ́ọ̀ṣì, gbúrúù lándílọ́ọ̀dù, gbogbo "àmín" tí wọ́n bá kọ ló máa gbọ̀n yín lọ́wọ́, gbígbọ̀n yẹn ló sì ń jẹ bátìrì ju ohunkóhun lọ. Ìpè nìkan ni mo fi sílẹ̀ lórí tèmi.

Kò ní sìkírìnì, nítorí náà kò lè sọ ẹni tó ń pè. Àwọn app kan máa ń jẹ́ kéèyàn yan nọ́mbà tí aago máa gbọ̀n fún, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó fi hàn yín nínú app, kó má kàn fẹnu sọ ọ́. Tó bá wà, ẹ fi nọ́mbà ọmọ tó wà nílé sí i, ó parí.

Ti aago fúnra ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́ nínú páálí, wákàtí méje ló fi ṣíwájú wa, àkókò China ló wà lórí ẹ̀, bí mo ṣe so ó mọ́ fóònù báyìí ọwọ́ méjèèjì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra wọn, wọ́n yí, wọ́n yí, wọ́n dúró gẹ́lẹ́ sí àkókò wa. Tèmi ò ní orí tí wọ́n ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yí àkókò, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Inú mi máa ń dùn tí mo bá wo ojú ẹ̀, aago tó dà bí aago.


Ará Ìwó Road

Àǹtí, ẹ gba tèmi yẹ̀ wò o. Iye tí ẹ dá yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra smart band gidi. Ó ní sìkírìnì, orúkọ ẹni tó ń pè á jáde, ẹ lè ka mẹ́sééjì lórí ẹ̀, ṣáàjì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á sì gbé yín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe bíi ti smartwatch ńlá tí wọ́n ń ṣáàjì lójoojúmọ́. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn á fi ra èyí tí kò lè sọ ẹni tó ń pè, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé torí ìpè ló ṣe ń rà á.


Tíṣà Mọ́lété

@Ará Ìwó Road ẹ ṣé mo gbọ́ yín, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá tàn lọ́wọ́ tíṣà nínú kíláàsì, ojú ogójì ọmọ ló máa yí síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ wọn ti lọ nìyẹn, ìdí tí wọ́n sì fi ní ká má mú fóònù wọlé gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ èyí tí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi èmi. Tí ó bá gbọ̀n, mo lè ní kí wọ́n kọ ohun tó wà lójú pátákó, kí n yọjú síta.

@Alábẹ́rẹ́ Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ mítà mẹ́wàá yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní Queen Cinema. Màá bá vice principal wa sọ̀rọ̀ lọ́la.


Bàbá Aago Ògùnpa

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ aago ni mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba iwájú mi kọjá. Àwọn aago tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ti ń wọ ọwọ́ mi dáadáa báyìí, ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí tó fẹ́ rà, torí oríṣi méjì ni wọ́n.

Ti téélọ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀ ló ń yí ọwọ́ ẹ̀, ìyẹn ni kò fi ní orí tí wọ́n ń fà. Àkókò ẹ̀ kì í yẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Oríṣi kejì, ẹ̀rọ quartz lásán ni wọ́n fi sínú ẹ̀, irú èyí tí a ti mọ̀ tipẹ́, tí òkúta kékeré inú ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti 1969 tí àwọn ará Japan ti gbé Seiko Astron jáde ni aago ọwọ́ ti ń lo ẹ̀rọ quartz. Wọ́n wá fi pátákó Bluetooth kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fa orí ẹ̀ láti yí àkókò ẹ̀, ó sì lè fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yára tàbí falẹ̀ láàárín oṣù, ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Tó bá ní ọwọ́ mẹ́ta tí èyí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sì ń fò kẹ́ kẹ́ kẹ́, oríṣi kejì yìí ló sábà máa ń jẹ́.

Tèmi o, oríṣi kejì ni mo fara mọ́ fún olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bátìrì méjì ni wọ́n ní, èyí kékeré fún ọwọ́ aago, èyí ńlá fún Bluetooth. Tí èyí ńlá bá kú lọ́sàn-án gangan, gbígbọ̀n nìkan ló lọ, ẹ ṣì mọ aago tó lù. Ti àkọ́kọ́ yẹn, tí bátìrì ẹ̀ bá kú, ohun gbogbo dúró.

Bátìrì ńlá yẹn sábà máa ń jẹ́ CR2032. Ìtumọ̀ nọ́mbà yẹn ni pé fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn ẹ̀ jẹ́ 3.2, agbára ẹ̀ 3 volt. CR2025 fẹ̀ bákan náà àmọ́ ó fẹ́lẹ́ ju èyí lọ, 2.5, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ki bébà sábẹ́ ẹ̀ kó lè mú un dọ́gba, mo ti rí i. Ayédèrú pọ̀ níta. Èyí tó dáa tó sì jẹ́ tuntun, tí mo bá fi mítà iná sí i, 3.2 tàbí 3.3 volt ni mo máa ń rí. Èyí tí kò tó 3 mi ò ní fi sí aago oníbàárà. Mítà nìkan ò sì tó, torí bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lè fi nọ́mbà tó dáa hàn nígbà tí kò gbé ẹrù, ìyẹn nígbà tí kò gbé nǹkan kan ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ wo déètì tó wà lẹ́yìn páálí ẹ̀ kó má jẹ́ èyí tó ti ṣá lórí káńtà.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ẹ̀yìn aago, ẹ dúró kẹ́ ẹ wò. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí ẹ̀yìn yẹn ká, òun ni kì í jẹ́ kómi wọlé. Tó bá yí, tó já, tàbí tí wọn ò dá a padà sáàyè ẹ̀, òógùn lásán á wọlé, ojú gíláàsì á máa ṣe kùrukùru. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ já ẹ̀yìn aago lójú pópó, ẹ gba aago yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Tí wọ́n bá kọ 3ATM sẹ́yìn ẹ̀, òjò díẹ̀ àti ìfọwọ́ nìkan ló lè gbà. 5ATM, tí wọ́n tún ń kọ ní 50 mítà, ó gba kéèyàn fi wẹ̀, àmọ́ kì í ṣe omi gbígbóná, ooru máa ń mú rọ́bà yẹn dẹ̀. Èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọṣọ.


Nọ́ọ̀sì Ṣàngó

Ẹ káalẹ́ o. Ìdí màmá ni mo bá wá. Àǹtí tíṣà, tí ọmọ tó ń tà á bá sọ fún yín pé aago náà ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà. Iná aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lábẹ́ irú àwọn aago olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyẹn, bí ọkàn ṣe ń lù ló lè gbìyànjú láti kà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, kí màmá jókòó jẹ́ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà wọn. Oògùn wọn ò gbọ́dọ̀ fò, ìyẹn ṣe pàtàkì ju aago èyíkéyìí lọ.

Ti ìṣísẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe ń kà á. Kò rí ẹsẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń mì ló ń wò. Èmi náà ní ọ̀kan, tí mo bá ń ro àmàlà, tí mo fi gbogbo agbára mi yí omorogùn, tí mo bá wo app lẹ́yìn náà ìṣísẹ̀ ti wọlé tí mi ò kúrò nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ru ẹrù láti inú ọjà Bódìjà dé etí títì, tí mo fi ọwọ́ tí aago wà di igbá mú lórí, díẹ̀ ló kà nínú ẹ̀, torí ọwọ́ ò mì. Títì tó rí gbágungbàgun náà, tẹ́ ẹ bá wọ ọ̀kadà, ó lè fi díẹ̀ kún un. Nítorí náà ẹ máa wo ti ọ̀sẹ̀ yìí sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, ẹ má fi ẹyọ ọjọ́ kan jà.

Ẹ má sì jẹ́ kí app yẹn fi 10,000 dẹ́rù ba màmá o. Láti ara ẹ̀rọ ìkaṣísẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ni nọ́mbà yẹn ti wá, kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 lórí àwọn obìnrin àgbà, ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 72, wọ́n rí i pé àwọn tó ń rin ìṣísẹ̀ bíi 4,400 lójúmọ́, ikú ò tètè pa wọ́n bíi ti àwọn tó ń rin 2,700, àǹfààní yẹn sì ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Tí màmá bá lè rìn yí àdúgbò ká láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n tún yọjú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ń ṣe dáadáa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́, bátìrì róbótó yẹn. Tí ọmọdé bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ó lè ti jó o lára gidigidi, kódà bátìrì tẹ́ ẹ rò pé ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé èyí tó ti kú, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò ti ní tó o. Tẹ́ ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má dúró kó fi ìgbẹ́ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀.


Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n mi tíṣà ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Kẹ́ ẹ tó ra irú aago yìí ẹ wo app ẹ̀ nínú Play Store, ẹ wo ìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí i kẹ́yìn, torí tí ilé iṣẹ́ tó ni app bá ti gbé e jù sílẹ̀, Android tuntun tó bá dé lè máà gbà á mọ́, gbogbo ọgbọ́n inú aago á sì dákẹ́. Kì í ṣe àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn nìkan. Ilé iṣẹ́ aago Fossil tó ṣe irú ẹ̀ dáadáa, tí ọwọ́ aago tiwọn lè yí lọ nà sí nọ́mbà kan tẹ́ ẹ ti yàn fún ẹni tó ń pè yín, wọ́n ní àwọn ò ṣe smartwatch mọ́ ní 2024. Withings ti ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe tiwọn láti 2014, Nokia rà wọ́n ní 2016, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀ tún rà á padà ní 2018, ní 2019 wọ́n wá gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Move jáde, $69.95 ni wọ́n tà á nígbà náà, wọ́n sì ní bátìrì kan á gbé e tó oṣù 18. Ìyẹn gan-an ni wọ́n kà sí olówó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà ti ₦27,000 yìí, ẹ má retí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀.

Àti pé mà, tí wọ́n bá pè yín lọ bójú tó ìdánwò JAMB, ẹ fi sílé o. Wọn kì í gba aago ọwọ́ kankan wọ gbọ̀ngàn, ti àtijọ́ ni o, ti smart ni o, wọn ò yà á sọ́tọ̀.


Tíṣà Mọ́lété

Mo ti dé o, ẹ kú ìmọ̀ràn gbogbo yín, mo tiẹ̀ ka ti nọ́ọ̀sì sí màmá létí, wọ́n ní kí n kí yín, kí n sọ pé àwọn ti gbọ́ ti 4,400.

Vice principal wa gbà pé kí n gbé báàgì wọ kíláàsì níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá ti yọ fóònù jáde níbẹ̀. Mo padà lọ sí Queen Cinema pẹ̀lú fóònù tèmi gan-an, mo ní kó so ó mọ́ ọn lójú mi, a ṣe gbogbo sẹ́tíńgì tí Alábẹ́rẹ́ sọ, mo ti ojú fóònù pa mo jù ú sínú báàgì mo sì kúrò ńbẹ̀, mo lọ ra nǹkan mìíràn kí n má bàa dán an wò ní kíákíá tí app á ṣì wà láàyè. Ó pẹ́ dáadáa kí n tó padà wá ní kí ọmọ yẹn pè mí. Ó gbọ̀n. Mo tún ní kó dúró díẹ̀ kó tún pè, ó gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo tó yọwó, ₦24,000 ló gbà nígbẹ̀yìn. App ẹ̀ gbà mí láàyè láti yan nọ́mbà, ti ọmọ ilé àti ti àbúrò mi tó wà ní Challenge nìkan ni mo fi sí i.

Oríṣi kejì tí Bàbá sọ ni, ó ní orí tí wọ́n ń fà. Mo ti ń lò ó ní kíláàsì, ọmọ ilé pè nígbà tí mò ń kọ́ SS1, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, oògùn wọn ló ti tán, mo rí àyè rán èèyàn lọ rà á kí iléèwé tó parí. Kò sí ọmọ kankan tó mọ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá dé orí 12, ọwọ́ gígùn kì í wà lórí ilà gẹ́lẹ́, àárín ilà méjì ló máa ń wà. Nígbà tí mo bá ń sọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún àwọn ọmọ nínú ìdánwò, mi ò mọ èwo ni kí n kà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?


Bàbá Aago Ògùnpa

Kò bàjẹ́ o ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe yí i sílẹ̀ ni. Ẹ wo ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, bó bá ṣe ń gba orí 12 báyìí kí ẹ fa orí ẹ̀gbẹ́ aago síta, ọwọ́ yẹn á dúró síbẹ̀. Ẹ wá yí ọwọ́ gígùn kọjá àkókò tẹ́ ẹ fẹ́ ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ rọra yí i padà sẹ́yìn títí á fi bọ́ sórí ilà gẹ́lẹ́. Ìdí tẹ́ ẹ fi ní láti yí i kọjá kẹ́ ẹ tó dá a padà ni pé eyín àwọn jíà inú ẹ̀ máa ń dẹ̀ díẹ̀ síra wọn, tẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ó máa fi díẹ̀ yẹ̀ nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ fi ti fóònù ṣe òdiwọ̀n, bí ìṣẹ́jú bá ṣe yí lórí fóònù ni kẹ́ ẹ ti orí aago padà wọlé. Ẹ rí i pé ó wọlé tán o, tí orí yẹn bá yọ díẹ̀ síta, ibẹ̀ lomi máa gbà wọlé.